Nọ́ńbà Inú Fọ́ọ̀mù: Bí Ètò Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kó Tó Gbà Á Wọlé

Kọ̀ǹpútà kì í gba iye lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Àmì ló ń gbà. Bí akọ̀wé bá tẹ 25 sínú àpótí kan lójú fọ́ọ̀mù, ohun tó wọlé ni àmì 2, kí àmì 5 tó tẹ̀ lé e, bí ìgbà tó bá tẹ lẹ́tà méjì. Nínú ASCII, ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1963 láti fún àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, 48 ni wọ́n fún àmì 0, wọ́n fún àmì 1 ní 49, títí dé àmì 9 tó gba 57. Nítorí náà, 25 tí akọ̀wé tẹ̀ di 50 àti 53 nínú ẹ̀rọ. Kó tó di iye tí a lè fi ṣírò, ètò kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ yọ 48 kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sọ 2 di ìlọ́po mẹ́wàá, kó sì fi 5 kún un.

Iṣẹ́ yẹn kò le bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan ni àwọn èèyàn ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n ohunkóhun ló lè wọ àpótí tí wọ́n ṣe fún ọ̀rọ̀. Ẹnì kan á tẹ 5000, ẹlòmíràn á tẹ 5,000, ẹlòmíràn á tẹ N5000 tàbí ₦5,000, ẹlòmíràn á fi àlàfo síwájú tàbí sẹ́yìn. Lẹ́tà O lè jókòó sípò òdo, kí lẹ́tà l kékeré sì jókòó sípò 1. Irú àṣà bẹ́ẹ̀ ti pẹ́: ọ̀pọ̀ táíprátà àtijọ́ ni kò ní bọ́tìnì 1 rárá, lẹ́tà l kékeré ni àwọn atẹ̀wé máa ń fi ṣe é.

Àyẹ̀wò nọ́ńbà ni gbogbo ohun tí ètò ń ṣe láàárín ìgbà tí àwọn àmì yìí wọlé àti ìgbà tí wọ́n di iye nínú àkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìdí rẹ̀ ni láti lé lẹ́tà jáde. Ohun tó wà níbẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé kí iye tó wà nípamọ́ jẹ́ iye tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ní lọ́kàn gan-an, kí ètò má sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣáájú kí ẹ̀wà tó dé inú ìkòkò la ti ń ṣa òkúta inú rẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tó ń jẹ ẹ́, eyín ni yóò fi ṣà á.

Fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dára láti fi ṣe àlàyé, nítorí oríṣiríṣi nọ́ńbà ló pàdé nínú rẹ̀. Ká ní àpótí márùn-ún ló ní: iye owó tí ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ yá, iye oṣù tí yóò fi san án padà, ọjọ́ orí rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ ní báǹkì. Orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni ètò náà wà, akọ̀wé ẹgbẹ́ ló sì ń tẹ gbogbo rẹ̀.

Èwo ló jẹ́ iye, èwo ló jẹ́ orúkọ?

Nínú àpótí márùn-ún wọ̀nyí, mẹ́ta péré ló gba iye. Nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà àkáǹtì jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi nọ́ńbà kọ. Kò sẹ́ni tó ń ro nọ́ńbà fóònù méjì pọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń wá ìdajì nọ́ńbà àkáǹtì. Bí ètò bá ṣèèṣì sọ wọ́n di iye, òdo iwájú á sọnù. Nọ́ńbà fóònù Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0803 á di èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 803, nọ́ńbà mọ́kànlá á di mẹ́wàá, ìpè kò sì ní wọlé mọ́. Ẹni tó bá ti tẹ nọ́ńbà fóònù sínú Excel láìsọ fún un pé ọ̀rọ̀ ni, á ti rí bí òdo náà ṣe ń pòórá.

Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, bíi ti fóònù, BVN tí báǹkì fi ń dá oníbàárà mọ̀, àti NIN tí ìjọba Nàìjíríà fi ń dá èèyàn mọ̀, ọ̀rọ̀ ló yẹ kó jẹ́ nínú àkọsílẹ̀. Àyẹ̀wò tirẹ̀ ni pé kó má sí àmì mìíràn nínú rẹ̀ ju 0 sí 9 lọ, kí gígùn rẹ̀ sì pé. Àwọn mẹ́ta yòókù, owó, oṣù àti ọjọ́ orí, ni ètò gbọ́dọ̀ sọ di iye.

Dídènà bọ́tìnì

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ètò máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n má jẹ́ kí lẹ́tà wọ àpótí rárá. Nínú Visual Basic, èdè ìkọ ètò tí Microsoft gbé jáde ní 1991, bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì kan, ètò máa ń gbọ́ nípa rẹ̀ kí àmì náà tó hàn nínú àpótí. KeyPress ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ẹni tó kọ ètò lè wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ àmì náà: bó bá wà láàárín 48 sí 57, kó jẹ́ kó kọjá, bí kò bá sí níbẹ̀, kó gbé e sọnù. Windows Forms, ohun èlò Microsoft fún ṣíṣe fọ́ọ̀mù, tó bá .NET jáde ní 2002, ṣì ń lo KeyPress yìí kan náà.

Gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún kò ju ìlà mẹ́ta lọ, ó sì máa ń dùn mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ, àfi ìgbà tó bá tẹ àṣìṣe tó fẹ́ pa á rẹ́, tí Backspace kò dá a lóhùn. Backspace náà ní nọ́ńbà tirẹ̀, 8, kò sì sí láàárín 48 sí 57. Ó di dandan kó yọ ọ́ sílẹ̀. Bí àpótí bá ń gba kọ́bọ̀, ó gbọ́dọ̀ gba póíǹtì, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Bó bá ń gba iye tó kéré sí òdo, ó gbọ́dọ̀ gba àmì ìyọkúrò, àmọ́ níwájú nìkan. Díẹ̀díẹ̀, ìlà mẹ́ta á di ogún.

Síbẹ̀, ihò ńlá kan ṣì wà níbẹ̀, nítorí kì í ṣe bọ́tìnì nìkan ni ọ̀rọ̀ ń gbà wọ àpótí. Akọ̀wé lè kọ́pì iye láti inú lẹ́tà kan, kó fi máòsì lẹ̀ ẹ́ sínú fọ́ọ̀mù. KeyPress kò ní í gbọ́ rárá. Èyí tó tún wá burú ni pé Ctrl+V máa ń dé KeyPress gẹ́gẹ́ bí àmì 22. Ẹni tó di gbogbo ohun tí kì í ṣe nọ́ńbà ti dí i mọ́ akọ̀wé tó fi kíbọ́ọ̀dù lẹ nọ́ńbà tó dáa, ó sì ṣí i sílẹ̀ fún ẹni tó fi máòsì lẹ ìsọkúsọ. Windows fúnra rẹ̀ ní ètò kan fún àpótí tí wọ́n ń pè ní ES_NUMBER, tó ń kọ bọ́tìnì tí kì í ṣe nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ìwé ìtọ́sọ́nà Microsoft fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ohun tí kì í ṣe nọ́ńbà ṣì lè gba ọ̀nà lílẹ̀ wọlé. Nítorí náà, dídènà bọ́tìnì jẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún ọwọ́ tó ṣì bọ́tìnì tẹ̀. Kò tó láti gbára lé.

Ohun tí ọwọ́ ṣì wà lórí rẹ̀

Ọ̀nà kejì ni kí ètò máa wo gbogbo ohun tó wà nínú àpótí nígbàkígbà tó bá yí padà, ì báà jẹ́ bọ́tìnì ló mú un wọlé, ì báà jẹ́ lílẹ̀. Èyí dí ihò ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ní wàhálà tirẹ̀: ohun tí akọ̀wé ṣì ń tẹ̀ lọ́wọ́ kò tíì pé, ohun tí kò sì tíì pé máa ń jọ àṣìṣe.

Ká ní ẹgbẹ́ kì í yá ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 lówó, tí kì í sì í yá ẹni tó ti ju 65 lọ. Akọ̀wé fẹ́ tẹ 42. Bó ṣe tẹ 4, ètò rí i pé 4 kò tó 18, ó sì pa á rẹ́. Ó gbìyànjú 37. 3 náà kò tó 18, òun náà lọ. Kò sí ọjọ́ orí kankan láti 18 dé 65 tí akọ̀wé yìí lè tẹ̀ wọlé, nítorí gbogbo wọn ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kan ṣoṣo tí kò tó 18. Ètò tí wọ́n ṣe láti lé àṣìṣe ti lé òótọ́ jáde pátápátá. Bákan náà ni ẹni tó fẹ́ tẹ iye tó kéré sí òdo, tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ àmì ìyọkúrò nìkan, àmì yẹn fúnra rẹ̀ kò sì tíì jẹ́ iye kankan.

Àwọn tó ṣe Qt, ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ ètò fún Windows, Linux àti Mac, fi ìdáhùn mẹ́ta yanjú èyí dípò méjì. Ayẹ̀wò wọn, QIntValidator, lè sọ pé ohun tó wà nínú àpótí ti dára, ó lè sọ pé kò lè dára láéláé, ó sì lè sọ pé kò tíì dára àmọ́ ó ṣì lè dára. Nínú àpótí ọjọ́ orí wa, 42 ti dára, 4a kò lè dára, 4 nìkan ṣì wà lọ́nà. Èyí tí kò lè dára nìkan ni Qt ń dá padà lójú ẹsẹ̀. Ó ń fi èyí tó wà lọ́nà sílẹ̀ kí akọ̀wé parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi Java ṣiṣẹ́ lè fi DocumentFilter ṣe irú rẹ̀. Tkinter ti Python náà máa ń fi ohun tí àpótí fẹ́ dà han ètò kó tó dà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìyàtọ̀ láàárín àṣìṣe àti àìpé, ẹni tó kọ ètò ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè bóyá iye wà láàárín ààlà tọ́ sí ìgbà tí akọ̀wé bá kúrò nínú àpótí. Nínú Windows Forms, Validating ni wọ́n ń pe ìgbà yẹn. Ètò lè kọ̀ kí akọ̀wé kúrò níbẹ̀ títí tí iye yóò fi dára, ṣùgbọ́n àṣẹ yìí lè di ẹ̀wọ̀n. Akọ̀wé tí kò mọ ọjọ́ orí ọmọ ẹgbẹ́ kò ní lè fo àpótí yẹn kó kọ èyí tó mọ̀. Kódà kò ní lè tẹ bọ́tìnì tó fẹ́ fi pa fọ́ọ̀mù dé, àfi bí ẹni tó kọ ètò bá rántí sọ CausesValidation bọ́tìnì náà di false. Ohun tó sàn jù ni kí ètò fi àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tó ní ìṣòro, kí akọ̀wé máa bá iṣẹ́ lọ, kí ìkọ̀sílẹ̀ gidi sì dúró de bọ́tìnì ìfipamọ́. Ibẹ̀ ni ètò yóò ti yẹ gbogbo àpótí wò lẹ́ẹ̀kan sí i, títí kan èyí tí akọ̀wé kò fọwọ́ kàn rárá, nítorí àpótí tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀, kò sí ẹni tó kúrò nínú rẹ̀.

Láti àmì dé iye

Lẹ́yìn èyí ni sísọ àmì di iye, ibẹ̀ sì ni owó ti ń sọnù láìpariwo. Visual Basic ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Val, tó máa ń ka àmì láti òsì títí tí yóò fi kan èyí tí kò mọ̀, tí á sì dúró síbẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ó ka 12abc sí 12. Ó ka àpótí tó ṣófo sí 0. Kọ́mà sì wà lára ohun tí kò mọ̀, nítorí náà ó ka 1,500 sí 1. Ọmọ ẹgbẹ́ tó san ₦1,500 á rí náírà kan ṣoṣo lórúkọ rẹ̀, ojú fọ́ọ̀mù kò sì ní fi hàn pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

TryParse, tí .NET fi kún àwọn irú iye rẹ̀ gbogbo ní 2005, ń ṣe dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó kọ́kọ́ ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ náà ṣe é kà sí iye, kó tó fúnni ní iye náà. Bí Int32.TryParse, tó wà fún odindi, bá rí 1,500, yóò sọ pé kò ṣe é kà, nítorí kò retí kọ́mà. Decimal.TryParse, tó wà fún owó, ń gba kọ́mà, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ Windows irú àṣà ìkọ̀wé tí wọ́n ń lò níbẹ̀.

Àṣà ìkọ̀wé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn fún ọmọ Yorùbá. Ní Nàìjíríà, bíi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, kọ́mà ló ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, póíǹtì ló ń ya odindi kúrò lára ìdá. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé ìlànà Faransé, kọ́mà ló ń ya odindi kúrò lára ìdá, àlàfo ló sì ń ya ẹgbẹ̀rún. Ní Jámánì, póíǹtì ló ń ya ẹgbẹ̀rún. Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà àti Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ kò jìnnà síra, èdè kan ni wọ́n ń sọ, ààlà ìjọba ló wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàwé ní Kétu á kọ 1,5 fún ọ̀kan ààbọ̀, ẹni tó kàwé ní Ìmẹ̀kọ á kọ 1.5.

Bí ará Kétu bá wá tẹ 1,5 sórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò sí àṣà Gẹ̀ẹ́sì, Decimal.TryParse kò ní kọ̀ ọ́. Ó gbà pé kọ́mà wà fún ẹgbẹ̀rún, kì í sì í ka bóyá nọ́ńbà mẹ́ta ló tẹ̀ lé e. Yóò ju kọ́mà sọnù, á sì kà á sí 15. Tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ á di tọ́ọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ètò á sì sọ pé gbogbo rẹ̀ dára. Lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò sí àṣà Faransé, 1.5 ti ará Ìmẹ̀kọ ni yóò kọ̀, ìyẹn sì sàn díẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ á tún un tẹ̀.

Ojútùú èyí pín sọ́nà mẹ́ta. Kí ètò ka ohun tí èèyàn tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà tí wọ́n tò sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kó máa fi àṣà kan ṣoṣo tí kì í yí padà pa á mọ́ sínú fáìlì, kí fáìlì tó ti Èkó lọ sí Kùtọ̀nú má bàa yí ìtumọ̀ padà lọ́nà. Kó sì tún iye náà kọ padà sínú àpótí bí akọ̀wé bá ṣe ń kúrò níbẹ̀. Bí ẹni tó tẹ 1,5 bá rí 15.00 níwájú rẹ̀, ojú ara rẹ̀ á ṣe àyẹ̀wò tí ètò kò lè ṣe.

Òfo, òdo àti ààlà

Àpótí tó ṣófo àti àpótí tí òdo wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú àpótí tó ń béèrè gbèsè, òdo ń sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ kò jẹ gbèsè. Òfo ń sọ pé ẹnikẹ́ni kò tíì wádìí gbèsè rẹ̀. Ètò tó bá sọ òfo di òdo ti dáhùn ìbéèrè tí wọn kò bi í.

Òdo gan-an lè ṣe jàǹbá níbi tí kò yẹ kó wà. Ní oṣù Kẹsàn-án 1997, USS Yorktown, ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà Windows NT darí, wà lójú omi nítòsí Cape Charles ní Virginia. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan tẹ òdo sínú àpótí kan. Ètò gbà á, nítorí òdo jẹ́ nọ́ńbà, ó sì lọ fi òdo pín iye mìíràn. Kò sí iye tí a lè fi òdo pín. Àṣìṣe yẹn da àwọn kọ̀ǹpútà tó so mọ́ra nínú ọkọ̀ rú, ẹ̀rọ tó ń wa ọkọ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ sì dúró gbọin lórí omi fún ohun tó ju wákàtí méjì lọ. Nínú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó wa, àpótí oṣù ló ní irú ewu yìí, nítorí iye oṣù ni wọn yóò fi pín owó láti mọ èyí tí ọmọ ẹgbẹ́ máa san lóṣooṣù.

Ààlà ìsàlẹ̀ àti ti òkè ló ń dí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́nà. Windows Forms ní àpótí pàtàkì kan fún un, NumericUpDown, tó ní ọfà kékeré méjì láti fi gbé iye sókè tàbí sílẹ̀, tí kì í sì í gba lẹ́tà. Ó dára fún àpótí oṣù. Àmọ́ 0 sí 100 ni ààlà tó máa ń bá a wá látilẹ̀, bí akọ̀wé bá sì tẹ 120, ṣe ni yóò sọ ọ́ di 100 ní jẹ́jẹ́ láìbéèrè. Ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ààlà náà ṣe, àgàgà òdo tó wà nísàlẹ̀.

Ìwọ̀n ibi tí ètò ń fi iye sí náà ní ààlà. Iye odindi tí wọ́n ń pè ní Int32 kò lè ju 2,147,483,647 lọ. Ó dà bíi pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá ń ka owó rẹ̀ ní kọ́bọ̀, ₦21,474,836.47 ni ó máa dé kó tó kún. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ní ju ìyẹn lọ ní báǹkì. Int64 ló tó fún wọn.

Èèyàn lè béèrè ìdí tí wọn yóò fi máa ka kọ́bọ̀. Ìdí ni pé irú iye tí wọ́n ń pè ní Double kò lè di ìdá mẹ́wàá mú dáadáa, nítorí ìlọ́po méjì ni kọ̀ǹpútà fi ń kà. Bí ó bá ro 0.1 àti 0.2 pọ̀, 0.30000000000000004 ló ń rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n nínú ìṣirò èlé fún ọmọ ẹgbẹ́ púpọ̀, ìwé kò ní bára dọ́gba lọ́jọ́ ìṣirò. Nítorí náà, owó máa ń wà ní kọ́bọ̀ gẹ́gẹ́ bí odindi, tàbí nínú irú iye tí wọ́n ń pè ní Decimal, tó ń fi mẹ́wàá kà bíi ti èèyàn.

Nọ́ńbà tó ń jẹ́rìí ara rẹ̀

Nọ́ńbà àkáǹtì kò ní ààlà ìsàlẹ̀ tàbí ti òkè, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà mẹ́wàá ni NUBAN, ìlànà tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, gbé jáde ní 2010. Báǹkì ló yan mẹ́sàn-án àkọ́kọ́; ìṣirò ló bí ìkẹwàá, tó jẹ́ nọ́ńbà ẹ̀rí. Wọ́n á to nọ́ńbà mẹ́ta tó dúró fún báǹkì síwájú mẹ́sàn-án náà, kó di méjìlá. Wọ́n á sọ àkọ́kọ́ di ìlọ́po 3, èkejì ìlọ́po 7, ẹ̀kẹta ìlọ́po 3, wọ́n á sì máa tún 3, 7, 3 yìí lò títí dé ìkejìlá. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á wo ohun tó ṣẹ́kù bí wọ́n bá fi 10 pín in, wọ́n á sì yọ ìyẹn kúrò nínú 10. Bó bá jẹ́ 10 ló kù, 0 ni wọ́n á kọ.

Ká mú báǹkì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 011 àti 000001457. Tí a bá yọ àwọn òdo kúrò, ohun tó kù ni 7, 3, 3, 12, 35 àti 21, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 81. Bí a bá fi 10 pín 81, 1 ló ṣẹ́kù. 10 dín 1 jẹ́ 9. Nọ́ńbà àkáǹtì náà ni 0000014579. Bí akọ̀wé bá wá ṣi 4 àti 5 tẹ̀, tó tẹ 0000015479, àpapọ̀ á di 77, nọ́ńbà ẹ̀rí á sì jẹ́ 3 dípò 9. Ètò á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, láìbéèrè lọ́wọ́ báǹkì kankan. Àṣìṣe tó bá kan nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Irú ọgbọ́n yìí ni Hans Peter Luhn ti ilé-iṣẹ́ IBM gba ẹ̀tọ́ oníǹkan lé lórí ní 1960, òun náà ló sì wà lára nọ́ńbà káàdì báǹkì.

Síbẹ̀, ẹ̀rí yìí ní ibi tó mọ. Nínú àpẹẹrẹ wa, orí 3 ni 1 àti 4 tó tẹ̀ léra jọ bọ́ sí. Bí akọ̀wé bá gbé wọn fún ara wọn, tó tẹ 0000041579, àpapọ̀ ṣì jẹ́ 81, ètò á sì gbà á. Nọ́ńbà tó bá ìlànà mu kì í ṣe ẹ̀rí pé ti ẹni tí a ní lọ́kàn ni. Ìdí nìyí tí báǹkì fi ń fi orúkọ oníàkáǹtì han ẹni tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ kó tó tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn.

Àpótí méjì tí kò bára mu

Àwọn àṣìṣe kan wà tí kò sí nínú àpótí kankan lóun nìkan. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 2005, òṣìṣẹ́ Mizuho Securities ní Tokyo fẹ́ ta ìpín ìdókòwò kan ṣoṣo nínú ilé-iṣẹ́ J-Com ní 610,000 yen. Ó tẹ̀ ẹ́ sódì: ìpín 610,000, ní yen kan kan. Àpótí méjèèjì ló gba nọ́ńbà tó péye. Ṣùgbọ́n gbogbo ìpín tí J-Com ní lápapọ̀ kò ju 14,500 lọ. Ètò fi ìkìlọ̀ hàn lójú kọ̀ǹpútà, òṣìṣẹ́ náà sì tẹ̀ síwájú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fagi lé e, kọ̀ǹpútà ọjà ìpín Tokyo kò gbà. Nǹkan bíi 40 bílíọ̀nù yen ni Mizuho pàdánù nídìí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ìkínní ni pé ètò gbọ́dọ̀ fi àpótí kan wo èkejì: ẹ̀yáwó tó ju iye tí ẹgbẹ́ ń gbà láyè lórí owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ti fi pamọ́ kò yẹ kó kọjá, bó ti wù kí ó wà láàárín ààlà tó. Ìkejì kan ìkìlọ̀. Ètò tó bá ń kìlọ̀ lórí ohun gbogbo ń kọ́ àwọn èèyàn láti máa tẹ OK láìkà á. Ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé, bíi títa ìpín tí kò sí láyé, kíkọ̀ ló tọ́ sí i. Ohun tó ṣọ̀wọ́n àmọ́ tó ṣeé ṣe, bí ẹ̀yáwó tó tóbi ju ti gbogbo ọdún tó kọjá, ni ìkìlọ̀ wà fún, ó sì yẹ kí ìkìlọ̀ náà dárúkọ iye yẹn gan-an.

Ọ̀rọ̀ tí fọ́ọ̀mù ń bá èèyàn sọ

Fọ́ọ̀mù tó bá kàn kọ «Invalid input» ti bá akọ̀wé wí láìsọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un. Èyí tó wúlò ń sọ ohun tó wọlé àti ohun tí wọ́n ń retí: «Ẹ tẹ ọjọ́ orí láàárín 18 sí 65, 420 lẹ tẹ̀.» Kò yẹ kí ètò pa ohun tí èèyàn tẹ̀ rẹ́, nítorí nínú 420 ni akọ̀wé yóò ti rí i pé òdo kan ló lé. Kò yẹ kó ti ojú àpótí sí ojú àpótí máa gbé fèrèsé jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kó fi gbogbo àṣìṣe hàn pọ̀, olúkúlùkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tirẹ̀. ErrorProvider ti Windows Forms ń fi àmì pupa kékeré ṣe èyí, ṣùgbọ́n àwọ̀ pupa nìkan kò tó, nítorí àwọn kan wà tí ojú wọn kì í ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé. Ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tó rọrùn fún ètò láti tún ṣe, kó máa tún un ṣe, kó má fi da akọ̀wé láàmú. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó kọ ₦5,000 nítorí ₦, tàbí kó kọ nọ́ńbà fóònù nítorí àlàfo tó wà láàárín rẹ̀. Ìtumọ̀ wọn kò rúni lójú, yíyọ wọn kò sì yí iye padà. Lẹ́tà O tó wà nípò òdo yàtọ̀ sí ìyẹn: ìméfò ni kí ètò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i, ìbéèrè ló tọ́.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ó ku dátábéèsì tí iye ń lọ sí. Ó lè ní òfin tirẹ̀: pé ọjọ́ orí kò gbọ́dọ̀ kéré sí 18, pé oṣù kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, pé àpótí báyìí kò gbọ́dọ̀ ṣófo. Òfin yìí kì í ṣe àṣetúnṣe. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan á fi fáìlì Excel kó orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí ètò mìíràn á wá kọ nǹkan sínú dátábéèsì kan náà, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó máa gba ojú fọ́ọ̀mù kọjá. Fọ́ọ̀mù wà láti ran akọ̀wé lọ́wọ́ kó tẹ ohun tó ní lọ́kàn. Dátábéèsì wà láti kọ ohun tí kò lè jẹ́ òótọ́, láti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá gbé e wá.